Kí ló dé tí ìṣirò mi fi sọ pé èrè ló ń fa ọrọ̀ ajé, kì í ṣe owó òṣìṣẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìpín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, tó ń ta ọjà púpọ̀ sókè òkun, ni iṣẹ́ mi dá lé. Ìbéèrè tí Bhaduri àti Marglin, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, gbé kalẹ̀ ní 1990 ni mò ń bi data: bí ìpín òṣìṣẹ́ nínú owó orílẹ̀-èdè bá lọ sókè, tí ìpín èrè sì wálẹ̀, ṣé àpapọ̀ ìnáwó á pọ̀ sí i ni àbí á dín kù?

Data ọdọọdún ni mo lò, ọdún 45. Ìpín òṣìṣẹ́ tí AMECO (àkójọ data ọrọ̀ ajé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ti fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn kún ni mo mú. Mo ṣe regression (ìṣirò tó ń wá bí ohun kan ṣe ń yí òmíràn padà tó) ọ̀tọ̀ fún ìnáwó ilé, ọ̀tọ̀ fún ìdókòwò, ọ̀tọ̀ fún ọjà tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé, gbogbo rẹ̀ ní log (logarithm). Ohun tí mo rí nìyí:

Ìnáwó ilé: 0.62 lórí owó òṣìṣẹ́, 0.12 lórí èrè.
Ìdókòwò: 0.20 lórí èrè.
Ọjà tó ń jáde: −0.25 lórí ìpín òṣìṣẹ́.
Ọjà tó ń wọlé: 0.13 lórí ìpín òṣìṣẹ́.

Mo yọ 0.12 kúrò nínú 0.62, ó ku 0.50. Mo yọ 0.20 kúrò, mo yọ 0.25, mo yọ 0.13. Ó já sí −0.08. Ìyẹn ni pé èrè ló ń fa ọrọ̀ ajé níbẹ̀. Mo tún gbé ìpín òṣìṣẹ́ àti ìdàgbàsókè GDP (àpapọ̀ ohun tí orílẹ̀-èdè ń mú jáde lọ́dún) sínú VAR (ìṣirò tó ń fi ohun tí nǹkan wọ̀nyí ti jẹ́ sẹ́yìn ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn), àwọn méjèèjì péré, òun náà sọ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí a bá pe GDP ní 100: ìnáwó ilé 56, ìdókòwò 20, ìjọba 20, ọjà tó ń jáde 40, èyí tó ń wọlé 36. Owó òṣìṣẹ́ 60, èrè 40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òdodo.

KóńgòÀtiDẹ̀ríkà

Àbúrò, kú iṣẹ́. Regression rẹ kò ní wàhálà. Ibi tí o ti kó wọn pọ̀ ló ti yà.

Elasticity ni gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ. 0.62 ń sọ pé bí owó òṣìṣẹ́ bá fi 1% lé, ìnáwó ilé á fi 0.62% ti ara rẹ̀ lé. 0.20 ń sọ pé bí èrè bá fi 1% lé, ìdókòwò á fi 0.20% ti ara rẹ̀ lé. Ohun tí wọ́n fi wọn èyí kọ́ ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Ẹni tó ra gàrí ní kóńgò mẹ́ta, tó ra ẹ̀wà ní dẹ̀ríkà mẹ́ta, kò lè délé kó ní mẹ́fà lòun rà. Sọ gbogbo wọn di ìdá GDP ná, kí o tó rò wọ́n pọ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí o fi ohun tó ń yí padà sókè, kí o fi ohun tó ń yí i padà pín in:

Ìnáwó ilé látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́: 0.62 × 56 ÷ 60 = 0.579. Látọ̀dọ̀ èrè: 0.12 × 56 ÷ 40 = 0.168. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 0.411. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí yúrò kan bá kúrò lápò oníléeṣẹ́ bọ́ sápò òṣìṣẹ́, sẹ́ńtì 41 ni ìnáwó ilé fi ń lé sí i.

Ìdókòwò: 0.20 × 20 ÷ 40 = 0.100.
Ọjà tó ń jáde: 0.25 × 40 ÷ 60 = 0.167.
Ọjà tó ń wọlé: 0.13 × 36 ÷ 60 = 0.078.

Wàyí o: 0.411 − 0.100 − 0.167 − 0.078 = 0.066. Ó ti kúrò ní òdì. Wo ìdókòwò dáadáa, ibẹ̀ lo ti ṣìnà jù. Èrè jẹ́ ìlọ́po méjì ìdókòwò ní orílẹ̀-èdè yẹn, nítorí náà 0.20 tí o yọ, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí o yọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o rí. Fi elasticity wọ̀nyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí o ní orílẹ̀-èdè náà tóbi, pé 10 péré ló ń jáde, 10 ló ń wọlé. Ti òkè òkun á di 0.042 àti 0.022, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ á di 0.25. Ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò yí padà rárá, bí ẹnubodè ṣe ṣí sílẹ̀ tó ló yàtọ̀. Ìdí rèé tí Hein àti Vogel, ní 2008, fi rí i pé owó òṣìṣẹ́ ló ń fa ọrọ̀ ajé ní Faransé, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àmọ́ tó jẹ́ èrè ló ń fà á ní Austria àti Netherlands. Ọdún yẹn kan náà ni Stockhammer àti Ederer yẹ Austria wò lọ́tọ̀: nínú ilé, owó òṣìṣẹ́ ló ń fà á, nígbà tí wọ́n fi ti òkè òkun kún un, ó yí padà.

Ìbéèrè mi sí ọ: báwo lo ṣe rí −0.25 yẹn? Bí o bá kàn fi ìpín òṣìṣẹ́ sínú regression ọjà tó ń jáde ní tààrà, tún un ṣe. Owó iṣẹ́ kì í ta ọjà sókè òkun fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ọjà ló máa gbà kọjá. Ṣe é ní ìpele-ìpele. Owó iṣẹ́ tó wà nínú ọjà kan máa ń ti iye ọjà abẹ́lé, ká ní 0.4. Ó ń ti iye ọjà tó ń jáde, ká ní 0.3. Iye yẹn ló ń lé oníbàárà sá, ká ní −0.5. Má sì gbàgbé pé ìpín òṣìṣẹ́ jẹ́ owó iṣẹ́ tí a ti yọ àfikún iye ọjà kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ bá ti iye ọjà sókè, ìpín náà kì í lọ sókè tó owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà o máa fi 1 ÷ (1 − 0.4), ìyẹn 1.67, sọ ọ́ di púpọ̀. 1.67 × 0.3 × (−0.5) = −0.25. Àwọn tó bá gbàgbé 1.67 yẹn máa ń rí −0.15, wọn a sì máa rò pé òkè òkun kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí lo tó fi multiplier (bí ìnáwó àkọ́kọ́ ṣe ń bí ìnáwó mìíràn tó) sọ 0.066 náà di púpọ̀. Kò lè yí àmì rẹ̀ padà, bó ṣe tóbi tó nìkan ló ń yí.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìpín

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tún un ṣe, 0.066 náà ló já sí. Ní ìpele-ìpele ni mo ṣe ti òkè òkun, 1.67 wà níbẹ̀. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé owó òṣìṣẹ́ ló ń fa ọrọ̀ ajé níbẹ̀ báyìí? VAR yẹn ṣì ń yọ mí lẹ́nu, torí ó ṣì ń sọ òdì kejì.

Ìgbà_Ń_Yí

Má tíì kọ ọ́. 0.066 sún mọ́ òdo jù. Elasticity márùn-ún lo kó pọ̀ níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló ní àṣìṣe tirẹ̀. Ṣe bootstrap: fa àwọn ìyókù regression rẹ (ohun tí regression kò lè ṣàlàyé) ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, tún àpapọ̀ náà ṣírò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí o wo iye ìgbà tó bọ́ sábẹ́ òdo. Mo gbà pé ti inú ilé, ìyẹn 0.311, á dúró ṣinṣin, ti àpapọ̀ á sì máa mì. Ohun tó yẹ kí o kọ nìyẹn: inú ilé, owó òṣìṣẹ́ ni, àpapọ̀, kò jìnnà sí òdo.

Tún sọ ọdún tí o mú ìwọ̀n rẹ̀. Bí 40 àti 36 bá jẹ́ ti ọdún ìgbẹ̀yìn, tó sì jẹ́ pé 25 àti 25 ni wọ́n nígbà tí data rẹ bẹ̀rẹ̀, elasticity kan náà á fún ọ ní 0.15 nígbà yẹn. Orílẹ̀-èdè kan lè kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ tàbí oníléeṣẹ́ kankan yí ìwà padà. Gbé méjèèjì sínú tábìlì rẹ.

Ní ti VAR, òun gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí ọjà bá kú, ilé iṣẹ́ kì í lé òṣìṣẹ́ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀gá, akọ̀wé, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ṣì ń gbowó oṣù, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ ń mú jáde ti dín kù. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń mú jáde á wálẹ̀, ìpín òṣìṣẹ́ á sì gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kan kún owó oṣù. Wo Jámánì ní 2009. GDP wọn fi ju 5% já wálẹ̀, ìjọba sì ń bá ilé iṣẹ́ san lára owó kí wọ́n lè dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé ènìyàn. Ìpín òṣìṣẹ́ fò sókè lọ́dún yẹn. VAR tó ní nǹkan méjì péré á rí i pé ìpín òṣìṣẹ́ ga, GDP sì wálẹ̀, á wá pariwo pé owó òṣìṣẹ́ ló ń ba ọjà jẹ́. Ó ti gbé ẹṣin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọjà tó kú ló gbé ìpín náà ga.

Mo gbà pé àríyànjiyàn gidi wà níbí o. Barbosa-Filho àti Taylor, ní 2006, tọ ipasẹ̀ Goodwin, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó kọ nípa bí ìpín òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì rí i pé èrè ló ń fà á ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ àwàdà. Ṣùgbọ́n ohun tí Blecker sọ ní 2016 ló jọ mí lójú jù: láàárín ọdún kan sí méjì, èrè lè dà bí ẹni pé òun ló ń fà á, torí pé ìdókòwò àti ọjà òkè òkun máa ń tètè dáhùn, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ìnáwó ilé ló máa ń borí.

Bó o ṣe máa dán an wò: fi bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó sínú VAR gẹ́gẹ́ bí ẹnì kẹta. Lẹ́yìn náà, pín ìpín òṣìṣẹ́ sí méjì, owó oṣù gidi lọ́tọ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń mú jáde lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkejì ló ru gbogbo òdì yẹn, tí owó oṣù gidi kò sì ru nǹkan kan, o ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú regression ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ pẹ̀lú, lo ìpín ọdún tó kọjá dípò ti ọdún yẹn fún ìdókòwò. Kí o sì rí i pé o ti ṣe ADF (ìdánwò tó ń wò bóyá nọ́ńbà kan ń padà sí ojú ibì kan àbí ó kàn ń rìn kiri) kí o tó gbà pé log wọ̀nyẹn ń rìn pọ̀. Bí wọn kò bá rìn pọ̀, ìyàtọ̀ ọdún sí ọdún ni kí o lò. Ọdún 45 kò pọ̀. Má kó ju nǹkan mẹ́rin sínú regression kan.

Gbèsè_Lẹ́rù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti tọ́jú ìṣirò náà dáadáa. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ báǹkì.

Regression ìnáwó ilé tó ní owó òṣìṣẹ́ àti èrè nìkan ń sọ pé ènìyàn kì í ná ju ohun tó ń wọlé fún un lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣáájú 2008, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, síbẹ̀ ìnáwó ilé kò sinmi. Ilé tí iye rẹ̀ ń gòkè ni wọ́n fi ń dúró fún gbèsè. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè àwọn ará ilé ti ju 120% owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kan lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ́. Bí o bá yọ gbèsè kúrò nínú regression rẹ, á dà bí ẹni pé ìpín òṣìṣẹ́ wálẹ̀ tí ìnáwó kò sì wálẹ̀, ìyàtọ̀ 0.411 yẹn á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Fi nǹkan méjì sí i, má fi ẹyọ kan. Gbèsè tuntun tí wọ́n yá lọ́dún yẹn máa ń fi kún ìnáwó. Àpapọ̀ gbèsè tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dín in kù, torí èlé àti owó tí wọ́n ń san padà. Ẹni tó fi àpapọ̀ nìkan sí i máa ń rí coefficient (nọ́ńbà tí regression fún un) tó ń yí àmì padà láti ọdún mẹ́wàá kan sí èkejì, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Òjìji Minsky nìyẹn, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó kọ nípa bí gbèsè ṣe ń kó ọrọ̀ ajé sí wàhálà. Nígbà tí ara bá rọ ọrọ̀ ajé, ẹni tó lè san owó tó yá padà pẹ̀lú èlé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yá owó. Tó bá yá, ẹni tó lè san èlé nìkan náà yá a. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹni tó jẹ́ pé àfi kó yá òmíràn kó tó lè san èlé. Ní ìpele kẹta yìí, bí iye ilé bá dúró lójú kan péré, kò tilẹ̀ ní láti wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tú.

Ìdókòwò náà ní tirẹ̀. Èrè tó wà lórí ìwé kọ́ ni èrè tó kù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Yọ èlé àti owó tí wọ́n pín fún àwọn onípìn-ín kúrò. Ní Amẹ́ríkà, láti 1982 tí òfin SEC (àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò) tó ń jẹ́ 10b-18 ti dáàbò bo ilé iṣẹ́ tó bá ń ra ìpín ìdókòwò ara rẹ̀ padà lábẹ́ àwọn àdéhùn kan, ọ̀pọ̀ èrè ló ti ń gba ibẹ̀ lọ. Stockhammer fi hàn ní 2004 pé ọ̀rọ̀ báyìí lè wà lára ohun tó ń fa ìdókòwò sẹ́yìn. Bí 0.20 rẹ bá gòkè nígbà tí o lo èrè tó kù, kí o mọ̀ pé èrè ń sún ilé iṣẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tuntun, àmọ́ ọ̀nà ló ń jò.

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lù yín. Ṣé a lè gbé ìṣirò yìí wá sí Nàìjíríà? Nígbà tí wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, láti ₦30,000 ti 2019, ṣé a lè ní ìpín òṣìṣẹ́ ti lé nìyẹn, kí a wá fi 0.41 sọ ọ́ di púpọ̀?

KóńgòÀtiDẹ̀ríkà

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ìbéèrè tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n rárá, má gbé e wá bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, iye ọjà ń fi ju 30% gòkè lọ́dún tí wọ́n fi kún owó yẹn. Owó tí a kọ sórí ìwé kọ́ ni ìpín.

Èkejì ló wúwo. Bí a ṣe ń ṣírò ìpín òṣìṣẹ́ ní Yúróòpù ni pé a máa pín owó oṣù gbogbo fún iye àwọn tó ń gbowó oṣù, a ó wá fi iye gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní owó oṣù jẹ́ 500 nínú GDP 1,000, mílíọ̀nù 20 ló ń gbà á, mílíọ̀nù 24 ló ń ṣiṣẹ́: 500 ÷ 20 × 24 = 600. Ìpín náà kúrò ní 50% ó di 60%. Ó bójú mu, torí mílíọ̀nù mẹ́rin péré nínú 24 ni a fojú bù. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn ló pọ̀ jù lọ. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní owó iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú, ó ní èrè lórí owó tó fi ra apẹ̀rẹ̀ ata nínú, nígbà mìíràn ó ní iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀ nínú. Bí o bá fi owó oṣù akọ̀wé báǹkì fojú bu tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ ti di irọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ regression. Gollin kọ nípa èyí ní 2002. Ka ọ̀nà mẹ́ta tó fi tún un ṣe, lo gbogbo wọn, kí o sì fi ìyàtọ̀ wọn han òǹkàwé.

Ẹ̀kẹta, èrè epo. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ ìjọba àti sókè òkun. Kì í ṣe oníléeṣẹ́ tó ń ronú bóyá kóun ra ẹ̀rọ tuntun sí Ọ̀tà ló ń gbà á. Yọ epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o tó wá ìbátan èrè àti ìdókòwò.

Bí o bá fẹ́ ìbéèrè tó bá Nàìjíríà mu jù, mú ti náírà. Krugman àti Taylor sọ ní 1978 pé bí wọ́n bá dín agbára owó kù, ọrọ̀ ajé lè sún kì nípa ọ̀nà mẹ́ta: bí ohun tó ń wọlé bá ti ju ohun tó ń jáde lọ tẹ́lẹ̀; bí iye ọjà bá sáré ju owó oṣù lọ, tí owó fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ná an lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀; bí owó tó ń wọlé fún ìjọba bá sì pọ̀ láìjẹ́ pé ó ná an. Lẹ́yìn oṣù Òkúdu (Júùnù) 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, ìkejì àti ìkẹta yẹn ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí dọ́là ni owó epo, bí náírà bá já, náírà tó ń wọlé fún ìjọba á pọ̀. Bóyá wọ́n ná an tàbí wọn ò ná an, àti ibi tí wọ́n ná an sí, ìyẹn ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ìgbà_Ń_Yí

Kí n fi ọ̀kan kún un fún Akẹ́kọ̀ọ́Ìpín, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi ọ́ nígbà tí o bá gbé iṣẹ́ rẹ síwájú wọn. Wọn á ní bí àpapọ̀ bá sún mọ́ òdo, kí orílẹ̀-èdè náà kúkú gé owó òṣìṣẹ́ kù, kó fi gba oníbàárà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi èyí dá ọ lóhùn. 0.245 tí o yọ fún òkè òkun dúró lórí pé orílẹ̀-èdè yẹn nìkan ló gé e, tí iye ọjà àwọn yòókù dúró. Bí gbogbo wọn bá jọ gé e lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ọjà rẹ̀ fi pọ́ọ́kú ju ti ẹnì kejì lọ, 0.245 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ohun tó kù ni 0.311 ti inú ilé, tí gbogbo wọn á jọ pàdánù.

Onaran àti Galanis ṣe èyí ní 2012 fún orílẹ̀-èdè 16 nínú àwọn G20 (ẹgbẹ́ àwọn tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi lágbàáyé). Tí ìpín òṣìṣẹ́ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún GDP wálẹ̀ ní gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, GDP àgbáyé á fi 0.36% wálẹ̀. Àwọn kan tó jẹ́ pé èrè ló ń fà wọ́n bí wọ́n bá dá a ṣe, wọ́n bá a wálẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ṣe tábìlì ìgbẹ̀yìn rẹ ní òpó méjì: òpó kan fún ìgbà tí orílẹ̀-èdè rẹ dá gé owó, òpó kejì fún ìgbà tí gbogbo àwọn tó ń bá a dòwò gé tiwọn pẹ̀lú. Fún òpó kejì, o nílò ìpín orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú òwò rẹ, kí o fi iye ọjà tiwọn tó wálẹ̀ sínú regression ọjà tó ń wọlé àti ti èyí tó ń jáde.